Ìgbẹ́ Eku Nínú Gaàrí

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, bí ẹ bá tú àpò gaàrí yín ní òwúrọ̀ tí ẹ sì bá ìgbẹ́ eku nínú rẹ̀, kí ni ẹ máa ń ṣe? Ọ̀pọ̀ yóò ṣa ìgbẹ́ náà dànù, wọn yóò sì bu èyí tó kù fún ọmọ. Mo mọ̀ pé owó gaàrí kò kéré. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ ni ojú rí, ojú kò rí ìtọ̀. Inú àwọn méjèèjì sì ni kòkòrò ibà Lásà lè wà.

Ní ọdún 1969 ni àwọn oníṣègùn kọ́kọ́ dá àrùn yìí mọ̀, nígbà tí ó mú nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì kan ní ìlú Lassa, ní ibi tí í ṣe Ìpínlẹ̀ Borno lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àrùn Òkè Ọya nìkan ni. Ìpínlẹ̀ Ondo wà lára àwọn ibi tí ó ti ń jà jù ní Nàìjíríà.

Eku kan tí ọmú rẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn eku yòókù lọ ni ó ń gbé e wọlé. Àrùn náà kì í dá eku yìí gúnlẹ̀, nítorí náà ẹ kò lè fi ojú mọ èyí tó ní in. Dída oúnjẹ tí eku bá fọwọ́ kàn nù ló dára jù. Èlùbọ́ ṣì ń bọ̀ wá bá omi gbígbóná pàdé, ṣùgbọ́n gaàrí tí ọmọ fi omi tútù mu kò tún rí iná mọ́ kí ó tó dé ọ̀fun. Ẹ kó oúnjẹ gbígbẹ sínú ike tàbí agolo tí ìdérí rẹ̀ le. Eyín eku kò ka àpò sí. Bí ẹ bá sá láfún, ẹ má sá a sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ sì kó o wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí àrùn yìí máa ń gbilẹ̀. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ tí ń dẹ pàkúté eku láti sun jẹ.

Aboyún ni kí ó ṣọ́ra jù. Bí ó bá mú obìnrin ní oṣù mẹ́ta ìkẹyìn oyún, nínú 100, ó ju 80 lọ tí ìyá tàbí ọmọ inú ń bá a lọ.

Ó máa ń jọ ibà lásán: ara gbígbóná, orí fífọ́, ọ̀fun dídùn, èébì. Bí ẹ bá ti lo oògùn ibà fún ọjọ́ méjì tí ara kò rọlẹ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé eku wà nílé. Oògùn tí wọ́n ń pè ní ribavirin wà, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn ni ó ṣiṣẹ́ jù. Ẹni tí ń fọ aṣọ aláìsàn tàbí tí ń kó èébì rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ lásán ṣe é.

Ọ̀rọ̀ kan kù láàárín àwa obìnrin. Bí ọkọ bá tilẹ̀ ti sàn, kòkòrò náà ṣì lè wà nínú àtọ̀ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ jọ bi dókítà ìgbà tí ẹ lè tún jọ sùn kí ó tó kúrò ní ilé ìwòsàn.