Orin Tó Ń Dákẹ́ Nínú Àpò

Ẹ̀sùn kan náà ni àwọn òǹkàwé ń mú wá ṣáá. Wọ́n á tan orin lórí Chrome, wọ́n á ki fóònù bọ àpò, orin náà á kọ tán, èyí tó kàn ò sì ní wọlé mọ́. Tí wọ́n bá yọ fóònù jáde, tí wọ́n tan iná rẹ̀, orin á tún bẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti àwọn tó gbé fóònù lọ bá ẹnjiníà, tí ẹnjiníà ní bátìrì ló ti kú, tó pààrọ̀ rẹ̀, tó sì gbowó. Bátìrì ò mọwọ́ ò mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Bí a ṣe ń tan orin kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ohun tó rú àwọn èèyàn lójú ni iṣẹ́ tí fóònù ń ṣe nígbà tí iná ojú rẹ̀ bá kú. Tó bá jẹ́ kí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ máa ṣiṣẹ́ lọ, bátìrì ò ní í dalẹ́. Nítorí náà, ó máa ń fi ọ̀pọ̀ wọn sùn, àfi àwọn tó bá gba àṣẹ.

Áàpù orin tí ẹ gbà láti Play Store lè fúnra rẹ̀ gba àṣẹ yẹn lọ́wọ́ Android. Àmì àṣẹ náà ni ìfitónilétí tó ń hàn lójú fóònù, tó gbé orúkọ orin àti bọ́tìnì ìdádúró dání. Ẹ má rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Áàpù tó bá fẹ́ máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹni tó ni fóònù mọ̀ pé òun wà níbẹ̀, òfin náà sì le sí i láti ìgbà tí Android 8 ti jáde ní 2017.

Ìkànnì orin tí ẹ ṣí nínú Chrome ò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Àlejò ayálégbé ni: Android ni onílé, Chrome ni ayálégbé, onílé ò sì mọ àlejò rí. Bí orin bá ń dún lọ́wọ́, Chrome á bá a tọrọ àyè. Ìgbà tí orin kan bá parí ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Ohùn kankan ò jáde mọ́. Ìkànnì náà ní láti lọ mú orin kejì wá láti orí kọ̀ǹpútà tó wà lókèèrè, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì ń fà, ìdákẹ́jẹ́ náà á gùn. Lójú Chrome, ìkànnì tó ti dákẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò sì wò, ò níṣẹ́ kankan tó ń ṣe mọ́. Á dín agbára rẹ̀ kù, tàbí kó dá a dúró pátápátá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àárín orin méjì ni ìdákẹ́jẹ́ náà sábà máa ń bọ́ sí.

Ti YouTube yàtọ̀. Kí ohùn máa jáde lẹ́yìn tí iná fóònù ti kú wà lára ohun tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń san owó Premium. Kò sí ẹnjiníà tó lè tún ìyẹn ṣe.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má torí èyí kó áàpù jọ rẹpẹtẹ. Ojú la fi ń ka Facebook àti X, iná fóònù sì gbọ́dọ̀ wà ní títàn ká tó lè kà wọ́n. Ìkànnì wọn nínú Chrome tó ẹni tí àyè fóònù rẹ̀ kéré. Ìdí tí X, tó ń jẹ́ Twitter nígbà náà, fi gbé Twitter Lite jáde ní 2017 nìyẹn. Orin ló nílò áàpù, pàápàá fún ẹni tí dátà ń wọ́n: orin tó ń wọlé ní 160 kbps ń jẹ dátà bíi 72 MB ní wákàtí kan. Ẹni tó ń sanwó Spotify lè gba orin pamọ́ sínú áàpù, kó má lo dátà mọ́ tó bá ń gbọ́ ọ, bó bá ṣáà ti ń wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ìkànnì ò lè ṣe ìyẹn fún un.

Mo fẹ́ ṣàlàyé bí áàpù ṣe ń tọ́jú orin náà, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kan ṣe kókó jù ú lọ. Àwọn kan wà tó ń gbowó láti fi áàpù «Premium ọ̀fẹ́» sórí fóònù yín láti inú fóònù tiwọn. Gbájúẹ̀ ni. Ẹ ò mọ ẹni tó ṣe é, ẹ ò mọ ohun tó fi kún un. Áàpù orin ò níṣẹ́ kankan tó fẹ́ fi SMS yín ṣe. Tó bá tọrọ àyè láti kà á, tí ẹ sì gbà, kóòdù tí báǹkì fi ránṣẹ́ sí yín ti di tirẹ̀ náà. Ẹ yọ ọ́ kúrò lónìí, kí ẹ sì pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà yín.

Ẹ̀yin tí áàpù gidi ń dákẹ́ mọ́ lọ́wọ́ náà, ẹ yé fi ìka gbá gbogbo áàpù dànù ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, kí ẹ tún máa bínú pé orin kú. Ẹ wọ sẹ́tíǹgì bátìrì, ẹ wá orúkọ áàpù orin náà, kí ẹ gbà á láyè láti ṣiṣẹ́ láìsí ìdíwọ́. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹnjiníà tó bá gbowó èyí lọ́wọ́ yín, ẹ gba owó yín padà.