Aya ní Ìbàdàn, ọkọ ní Houston: Ohun tó yẹ kí tọkọtaya mọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀bẹ̀ pé kí físà Amẹ́ríkà tètè jáde

Ẹ wo irú ìdílé báyìí. Ọkọ ń gbé ní Houston, ìyàwó wà ní Ìbàdàn. Ọkọ ti gba ìwé ọmọ onílùú Amẹ́ríkà, ó sì ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ láti mú ìyàwó rẹ̀ wá. Wọ́n ń retí. Àfi lọ́jọ́ kan tí dọ́kítà sọ fún ọkọ pé kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, pé ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni yóò máa lọ sí ọsibítù kí wọ́n lè fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò gbé e lọ, kò sí ẹni tí yóò gbé e bọ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kò sì lè dá nǹkan kan ṣe. Láti Ìbàdàn, ìyàwó ń béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ṣé kò sí bí wọ́n ṣe lè bá àwọn mú físà yìí yá ni?

Ọ̀nà wà. Àmọ́ ọ̀nà náà ní òfin tiẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó sunkún jù ló ń rí i gbà, ẹni tó gbé ẹ̀rí tó yẹ lọ sí ọ́fíìsì tó yẹ ni wọ́n sábà máa ń dá lóhùn.

Kí ni ẹ̀bẹ̀ yìí gan-an?

Expedite request làwọn aláṣẹ ń pè é. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí wọ́n fa fáìlì ẹni jáde láàárín èyí tó wà lórí ìlà, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú tàwọn mìíràn, nítorí ìṣòro tí kò lè dúró.

Ọ̀fẹ́ ni. Kò sí kọ́bọ̀ kankan tí ìjọba Amẹ́ríkà ń gbà lórí ẹ̀bẹ̀ yìí. Òótọ́ ni pé àwọn ìwé kan wà tí èèyàn lè fi owó kún kí wọ́n lè yá, pàápàá ìwé àwọn òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù I-130, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń pe ọkọ tàbí aya lọ, kò sí lára wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé òun mọ ibi tí wọ́n ti ń sanwó kí I-130 lè yá, irọ́ ló ń pa.

Ohun kejì ni pé ojúrere ni, kì í ṣe ẹ̀tọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sì sí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tí wọ́n lè gbé e lọ. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ìwé náà kò kú. Yóò kàn máa bá ìlà rẹ̀ lọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni.

Ta ló mú fáìlì lọ́wọ́ báyìí?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ìwé ìgbéyàwó kan ṣoṣo máa ń gba ọwọ́ ọ́fíìsì mẹ́ta kọjá, ọ́fíìsì tí kò bá sì mú fáìlì lọ́wọ́ kò lè mú un yá.

Àkọ́kọ́ ni USCIS, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú ní Amẹ́ríkà. Àwọn ló ń gba I-130, tí wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìgbéyàwó náà jẹ́ òótọ́. Tí wọ́n bá ti gbà á, wọn yóò fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́ tó ní nọ́ńbà: lẹ́tà mẹ́ta àti nọ́ńbà mẹ́wàá. Láìsí nọ́ńbà yìí, kò sí ẹ̀bẹ̀. Tó bá ti wà lọ́wọ́, ẹni tó fi ìwé náà sílẹ̀ lè pe nọ́ńbà ìpè USCIS, tàbí kó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti inú àkáǹtì rẹ̀ lórí ìkànnì wọn.

Ìkejì ni National Visa Center, NVC, tó wà ní ìpínlẹ̀ New Hampshire. Ọ̀dọ̀ wọn ni fáìlì ń lọ tí USCIS bá ti buwọ́ lu I-130. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń san $325 fún físà àti $120 fún yíyẹ ìwé onígbọ̀wọ́ wò, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kún DS-260, tí wọ́n sì ń kó ìwé ìbí, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ọlọ́pàá sílẹ̀. NVC kò dá ìpinnu ṣe lórí ẹ̀bẹ̀ ìmúyára. Ńṣe ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì aṣojú Amẹ́ríkà tí yóò ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, àwọn yẹn ni yóò sọ bóyá àwọn gbà.

Ìkẹta ni ọ́fíìsì aṣojú Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀. Fún àwọn tó wà ní Nàìjíríà, Èkó, ní Victoria Island, ni wọ́n ti ń ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò físà ìgbélé. Tí fáìlì bá ti dé ibẹ̀, àwọn ni wọ́n ń bẹ̀ láti fa ọjọ́ súnmọ́ tòsí.

Ẹni tí I-130 rẹ̀ ṣì wà ní USCIS tó wá ń kọ lẹ́tà sí Èkó lójoojúmọ́, omi ló ń fi apẹ̀rẹ̀ pọn.

Irú ìṣòro wo ni wọ́n ń kà sí?

USCIS ní àwọn ìdí díẹ̀ tí wọ́n ń wò. Méjì ló kan tọkọtaya jù. Èkíní ni ìṣòro pàjáwìrì tó kan ẹ̀mí tàbí àlàáfíà èèyàn: àìsàn ńlá, àbùkù ara, ikú nínú ẹbí, ogun tàbí ìjàǹbá bí àkúnya omi níbi tí èèyàn ń gbé. Èkejì ni àdánù owó tó le gan-an. Ìdí mìíràn tún wà: tó bá jẹ́ pé USCIS fúnra wọn ló ṣe àṣìṣe tó hàn gbangba lórí ìwé náà.

Lórí ọ̀rọ̀ owó, wọ́n fi ìkìlọ̀ kan sí i. Tó bá jẹ́ pé ẹni náà ló jókòó títí tí kò fi ìwé sílẹ̀ lásìkò, tàbí tí wọ́n ní kó mú ìwé kan wá tí kò tètè dáhùn, àdánù tó tẹ̀yìn ìyẹn yọ kò lè ràn án lọ́wọ́.

Ohun tó ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù ni pé jíjìnnà síra nìkan kò tó. Pé ọkàn ń fà sí ẹnì kejì, pé ilé méjì ni wọ́n ń sanwó rẹ̀, pé ọjọ́ ìbí ọmọ ń bọ̀, gbogbo tọkọtaya tó wà lórí ìlà ló ń jẹ ìyà yẹn. Ohun tí òṣìṣẹ́ ń wá ni ohun tó mú ti ìdílé yìí yàtọ̀.

Ẹ fi oyún ṣe àpẹẹrẹ. Oyún tí kò ní wàhálà kì í sábà tó ìdí. Ṣùgbọ́n tí dọ́kítà bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé oyún náà léwu, pé aboyún náà gbọ́dọ̀ wà lórí ibùsùn, tí ọmọ kékeré mìíràn tún wà nílé tí kò sí ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn.

Ẹ̀rí ló ń sọ̀rọ̀

Bójú bá ń ṣepin, ojú la á fi í hàn. Lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gùn. Ojú ewé kan ti tó: ẹni tó ń kọ ọ́ àti nọ́ńbà fáìlì rẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ìdí tí kò fi lè dúró, àti ìdí tó fi jẹ́ pé ọkọ tàbí aya yìí gan-an ni wọ́n nílò, kì í ṣe ẹlòmíràn.

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà kì í dáhùn. Òṣìṣẹ́ tó ń kà á yóò bi ara rẹ̀ léèrè pé: ṣé kò ní àbúrò níbẹ̀ ni? Ṣé kò lè gba olùtọ́jú? Kí lẹ́tà ti dáhùn kó tó béèrè.

Lẹ́tà dọ́kítà ló ń gbé ọ̀rọ̀ àìsàn dúró. Ó gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé tó ní orúkọ ọsibítù, kó ní ọjọ́, ìbuwọ́lù àti nọ́ńbà tí wọ́n lè fi rí dọ́kítà náà. Kó sọ orúkọ àìsàn, bó ṣe le tó, ìtọ́jú tó ń lọ lọ́wọ́, àti ìrànlọ́wọ́ tí aláìsàn nílò nílé. Lẹ́tà tó kàn sọ pé "ara rẹ̀ kò yá, jọ̀wọ́ ẹ jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ wá" kò wúwo. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ owó, kí wọ́n fi ìwé ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́, àkọsílẹ̀ báǹkì tàbí ìwé onílé tó ń halẹ̀ kún un.

Kókó kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í rántí. Ẹni tó ń pe aya tàbí ọkọ rẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ fi fọ́ọ̀mù I-864 hàn pé owó tó ń wọlé fún òun tó ìdá 125 nínú ọgọ́rùn-ún òṣùwọ̀n ìṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà là kalẹ̀. Àìsàn tó mú kó bẹ̀bẹ̀ náà lè ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, kó tó di pé ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò dé, kó ti wá onígbọ̀wọ́ mìíràn sílẹ̀: ọmọ onílùú Amẹ́ríkà tàbí ẹni tó ní gírín káàdì, tó ti pé ọmọ ọdún 18, tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, tí owó rẹ̀ sì tó. Físà tí wọ́n sáré mú dé Èkó lè há síbẹ̀ nítorí ìwé yìí.

Bákan náà ni ẹni tó wà ní Ìbàdàn kò gbọ́dọ̀ káwọ́ gbera. Pásípọ́ọ̀tù tí ọjọ́ rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ tán, ìwé ìbí tí orúkọ inú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìwé ìgbéyàwó, gbogbo ìwọ̀nyí ló ń fa fáìlì sẹ́yìn. Kò sí ẹ̀bẹ̀ tó lè rọ́pò ìwé tí kò pé.

Ohun tí ẹ̀bẹ̀ yìí kò lè ṣe

Kò lè dá físà sílẹ̀ níbi tí kò ti sí. Ọkọ tàbí aya ọmọ onílùú Amẹ́ríkà kò ní òǹkà tó dí wọn lọ́nà, ṣùgbọ́n ti ẹni tó ní gírín káàdì ní. Ìsọ̀rí F2A ni wọ́n wà, iye físà tó wà fún wọn lọ́dún ní ìwọ̀n, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dúró kí ọjọ́ wọn tó kàn nínú Visa Bulletin tó ń jáde lóṣooṣù. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ohun tó lè ṣí ọ̀nà ni pé kí ẹni tó ń pè é lọ di ọmọ onílùú, tí àsìkò rẹ̀ bá ti tó.

Kò lè fo àyẹ̀wò ààbò. Tí wọ́n bá ti ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tán, tí wọ́n sì ní fáìlì wà lábẹ́ 221(g) fún ìyẹ̀wò síwájú sí i, wọ́n gbọ́dọ̀ parí rẹ̀ ná.

Kò sì jọ ìdáríjì. Ẹni tó ti gbé Amẹ́ríkà rí láìní ìwé ju ọjọ́ 180 lọ, tó wá jáde, lè rí ìdènà ọdún mẹ́ta. Tó bá pé ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọdún mẹ́wàá ni. Fọ́ọ̀mù I-601 ni irú wọn fi ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìyà tó kọjá àfaradà yóò jẹ ọkọ, aya tàbí òbí wọn tó jẹ́ ọmọ onílùú tàbí tó ní gírín káàdì. Ẹjọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn, lọ́yà ló yẹ kó bá wọn dá sí i.

Pàtàkì jù lọ, ẹ̀bẹ̀ ìmúyára kò lè ṣí ilẹ̀kùn tí Ààrẹ bá tì. Ìkéde tí Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí ní ọjọ́ 16, oṣù Kejìlá, ọdún 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1, oṣù Kìíní, ọdún 2026, fi Nàìjíríà kún àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n fi òté lé físà wọn, físà ìgbélé sì wà lára rẹ̀. Irú ìkéde báyìí máa ń yí padà. Nítorí náà, kí tọkọtaya kọ́kọ́ wo ohun tó wà nílẹ̀ lórí ìkànnì ìjọba Amẹ́ríkà lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ kọ̀wé, kí wọ́n má baà ná owó àti agbára sórí ohun tó dúró.

Aṣòfin àti àwọn ẹlẹ́tàn

Ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Ẹni tó ń gbé ní Amẹ́ríkà lè kọ̀wé sí aṣojú àdúgbò rẹ̀ ní ilé aṣòfin àpapọ̀, tàbí sí sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó irú ọ̀rọ̀ báyìí, ọ̀fẹ́ sì ni. Yóò kọ́kọ́ buwọ́ lu ìwé tó fún wọn láyè láti wádìí fáìlì rẹ̀. Aṣòfin kò lè pàṣẹ pé kí físà jáde, àmọ́ ó lè béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé, kó sì rí i pé wọ́n ka ẹ̀bẹ̀ náà.

Lápá ilé, kí àwọn èèyàn ṣọ́ra fún àwọn tó ń sọ pé "a ní èèyàn nínú ẹ́ńbásì". Èyí tó burú jù nínú wọn ni àwọn tó ń bá èèyàn ṣe lẹ́tà dọ́kítà ayédèrú. Wọ́n lè pe dọ́kítà náà. Tí àṣírí bá tú, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ nìkan ló bàjẹ́: òfin Amẹ́ríkà lè fi ìdènà ayérayé lé ẹni tó fi irọ́ wá físà. Ọkọ tàbí aya tí ìbá dé lọ́dún tó ń bọ̀ lè má dé mọ́.

Tí ìdáhùn bá wá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kò túmọ̀ sí pé ó parí. Tí nǹkan tuntun bá ṣẹlẹ̀, tí àìsàn náà le sí i, tí ẹ̀rí tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sì wà, wọ́n lè tún bẹ̀bẹ̀. Ohun tí kò mú èrè wá ni kí wọ́n máa fi lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Fún tọkọtaya Houston àti Ìbàdàn, iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ lónìí kò ju mẹ́rin lọ: kí wọ́n mọ ọ́fíìsì tí fáìlì wà, kí dọ́kítà kọ lẹ́tà tó kún, kí wọ́n wá onígbọ̀wọ́ kejì, kí ìyàwó sì to gbogbo ìwé rẹ̀ jọ. Ìpinnu kù sọ́wọ́ aláṣẹ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kó máa bọ̀, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ìwé ìbí.