Alárenà Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Bí ọmọkùnrin Ẹdẹ kan bá rí ọmọge tó wù ú láyé àtijọ́, kì í ṣàdédé já wọ agbo ilé ọmọ náà. Alárenà ni yóò wá. Alárenà mọ ilé méjèèjì. Ó mọ ìwà ọmọ, ó mọ àrùn tó ń bá ìran jà. Á gbọ́rọ̀ lọ, á gbọ́rọ̀ bọ̀. Bójú bá sì ti mọjú tán, alárenà a yẹ̀bá.

Alárenà yìí ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń jáde ní Pólì Ìjọba Àpapọ̀ Ẹdẹ, ní Yunifásítì Redeemer's tàbí ní Yunifásítì Adélékè fi sọ́kàn bí wọ́n bá ń wá iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́. Ilé-iṣẹ́ tó ń wá wọn lè wà ní Yábà l'Ékòó, ó lè wà ní Jámánì. Kò mọ ọmọ, kò mọ bàbá rẹ̀.

Ọjà tí ọmọ àti ilé-iṣẹ́ ti ń pàdé wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, inú ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí sì ni ọ̀kan tó lókìkí gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2009, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, Ọpẹ́yẹmí Awóyẹmí, Ayọ̀dèjì Adéwùnmí àti Ọlálékan Olúdé, dá Jobberman sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ á lẹ ìpolówó síbẹ̀, ẹni tó ń wáṣẹ́ á fi CV ránṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ìpolówó tó ní òun fẹ́ onírìírí ọdún méjì dẹ́rù bà yín jù. Ìdílé ọkọ náà máa ń ní ìyàwó gíga, apọ́nbéporẹ́, tó kàwé dójú àmì làwọn ń wá. Ẹ wo ẹni tí wọ́n fẹ́ nígbẹ̀yìn. Bí ohun tí wọ́n béèrè bá ju ìdajì lọ lọ́wọ́ yín, ẹ fi CV ránṣẹ́.

Alárenà gan-an ni rìkúrútà, ẹni tí ilé-iṣẹ́ rán pé kó bá àwọn wá òṣìṣẹ́. Ibi tó ti yàtọ̀ sí ti ilé wa ni pé kò mọ ẹnikẹ́ni. Ohun tí ẹ kọ ló mọ̀. Ó jókòó sí iwájú LinkedIn, ìkànnì tí àwọn òṣìṣẹ́ ń kọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn sí, ó tẹ "JavaScript" (èdè kan tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà), ó tẹ "Nigeria", orúkọ sì tò wálẹ̀. Ọmọ tó kọ ọ́ pé òun múra síṣẹ́, òun sì lè bá èèyàn ṣiṣẹ́ pọ̀, tí kò dárúkọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kò ní sí níbẹ̀ rárá.

Rìkúrútà tún fẹ́ fojú rí iṣẹ́. Télọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fìrídọ́ọ̀mù máa ń gbé aṣọ tó rán kọ́ síta ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ń kọjá á dúró, á yí etí aṣọ sódì, á wo bóyá òwú rẹ̀ le. GitHub ni ìta ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ọmọ tó bá kọ ètò kékeré tó ń ṣírò owó àjọ ìyá rẹ̀, kó gbé e síbẹ̀, kó ṣàlàyé rẹ̀ ní ìpínrọ̀ méjì. Ẹni tó bá ṣí i á rí ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, á rí ibi tó ti ṣàṣìṣe àti bó ṣe tún un ṣe. Lójú tèmi, ìyẹn níyì ju ìwé-ẹ̀rí mẹ́wàá tí wọ́n tò sínú CV.

Lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, rìkúrútà á yẹ̀bá. Ó ku ọmọ àti ilé-iṣẹ́.

Ilé-iṣẹ́ tó rán rìkúrútà níṣẹ́ ló ń sanwó fún un, òfin ilẹ̀ wa sì ní kí ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ Iléeṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá ní kí ọmọ sanwó fọ́ọ̀mù tàbí owó ìforúkọsílẹ̀ kóun tó bá a wáṣẹ́, gbájúẹ̀ ni. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta nǹkan kan nítorí rẹ̀. Ẹ fi owó yẹn ra dátà fún ọmọ yín.