"Gbé Ọkọ̀ Yìí Ga fún Mi": Èdè-Ìperí Ẹsẹ̀ Píkọ́ọ̀pù ní Ìlọrin

1. Ìfáárà

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni àwọn onímọ̀ ti ṣe lórí èdè-ìperí Yorùbá. Ètò Ẹ̀kọ́ Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọdé ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Apá kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, jáde ní 1984; apá kejì, tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀, tẹ̀ lé e ní 1990. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí dojú kọ. A kò tíì tẹjú mọ́ ọgbà mẹkáníìkì tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tuntun ti ń wọ èdè wa lójoojúmọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti inú ọgbà náà ni a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí: gbígbé ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù ga ní ọ̀nà tí kò ní gbọ́n owó ẹni gbẹ. Ọ̀ràn ńlá ni èyí ní Ìlọrin àti agbègbè rẹ̀. Àwọn tí ń fi píkọ́ọ̀pù kó iṣu láti ìhà Kàíámà, àti àwọn tí ń kó ìrẹsì láti Pàtígi àti Láfíàgí, mọ ohun tí òjò máa ń sọ ọ̀nà oko dà. Táyà ọkọ̀ ńlá á gbẹ́ ipa méjì jinlẹ̀, òkìtì á sì kù sí àárín. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ń há sórí òkìtì yìí á tọ mẹkáníìkì lọ, á ní, "Gbé ọkọ̀ yìí ga fún mi." Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé gbólóhùn yìí ní ìtumọ̀ méjì, àti pé ẹni tí kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀ lè san owó ńlá fún ohun tí kò ní wúlò fún un.

2. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ tàbí ìsorọ̀?

Ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí síso nǹkan rọ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe gbogbo ohun tí ó wà láàrin táyà àti ara ọkọ̀. Ó ní ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Láyé ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin ní Yúróòpù, awọ ni wọ́n fi ń so àpótí tí èrò ń jókòó sí rọ̀, kí ara má baà máa ro wọ́n. Bí a bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn ní olówuuru, "ìsorọ̀" ni a ó ní. Ẹni tí ó bá sì wo abẹ́ píkọ́ọ̀pù òde òní lẹ́yìn náà, yóò wá ohun tí a so rọ̀ títí.

Mẹkáníìkì tiwa ti ní ọ̀rọ̀ nílẹ̀: ẹsẹ̀ ọkọ̀. A máa ń gbọ́ ọ pé, "Ẹsẹ̀ iwájú ń dún." Lójú Yorùbá, ọkọ̀ dúró lórí nǹkan wọ̀nyí bí ẹranko ti ń dúró lórí ẹsẹ̀. Ojú yìí bá iṣẹ́ wọn mu ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Nítorí náà, a dábàá pé kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ di ọ̀rọ̀ inú ìwé, kí a má ṣe wá òmíràn.

3. Sípíríìnì àti ṣọ́ọ̀kì

Ohun méjì pàtàkì ni ó wà nínú ẹsẹ̀ ọkọ̀, iṣẹ́ wọn kò sì jọra.

Sípíríìnì ni ó ń ru ẹrù. Òfin tí Robert Hooke tẹ̀ jáde ní 1678 ni pé bí agbára tí a fi tẹ sípíríìnì bá ti pọ̀ tó ni yóò ṣe tẹ̀ tó. Líle sípíríìnì àti ìwúwo ẹrù ni ó ń pinnu bí ara ọkọ̀ yóò ti ga sí ilẹ̀ tó. Àwọn kan lè dábàá "ọrun", èyí tí a fi ń ta ọfà, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀, nítorí pé òun náà máa ń tẹ̀ tí yóò sì padà bọ̀ sípò. Àbá náà dára, ṣùgbọ́n nínú ìwé tí a kò fi àmì ohùn sí, kò ní yàtọ̀ sí ọ̀run tàbí ọrùn. Sípíríìnì ti wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó kù ni kí a ya oríṣi rẹ̀ méjì sọ́tọ̀: sípíríìnì onípéètì, irin pẹlẹbẹ tí a tò léra, tí ó wà lẹ́yìn Toyota Hilux àti píkọ́ọ̀pù Peugeot 504, àti sípíríìnì kíká, tí ó wà níwájú Peugeot 504.

Iṣẹ́ ti ṣọ́ọ̀kì yàtọ̀. Bí táyà bá bọ́ sí kòtò, sípíríìnì ni yóò kọ́kọ́ gba agbára náà, yóò sì fẹ́ máa fì lọ sókè sódò. Ṣọ́ọ̀kì ni yóò dá fífì náà dúró: òróró inú rẹ̀ ń gba ojú ihò kéékèèké kọjá tipátipá, agbára fífì á sì di ooru. Ṣọ́ọ̀kì kì í ru ẹrù. Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fún un, tí ó túmọ̀ sí ohun tí ń gba ìgbọ̀n-jìgìjìgì mọ́ra, ń ṣini lọ́nà, nítorí iṣẹ́ sípíríìnì ni orúkọ náà ń ròyìn. Níwájú Peugeot 504, àárín sípíríìnì kíká gan-an ni ṣọ́ọ̀kì wà, ojú lásán kò sì tètè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Owó ni ó ń bá àṣìpè yìí lọ. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ lè ra ṣọ́ọ̀kì mẹ́rin, kí ọkọ̀ náà sì wà bí ó ti wà. Nítorí náà, a dábàá adáfìdúró fún ìwé ẹ̀kọ́, kí ṣọ́ọ̀kì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu. Orúkọ tuntun yìí ń sọ iṣẹ́ nǹkan náà fún ẹni tí kò rí i rí.

4. Ìgbéga ara àti ìgbéga ọ̀pá

Ibí yìí ni gbólóhùn tí a fi bẹ̀rẹ̀ ti pín sí méjì. Ọ̀pá irin kan so táyà ẹ̀yìn ọ̀tún pọ̀ mọ́ ti òsì. Ìkòkò irin kan tí jíà wà nínú rẹ̀ sì wà lára ọ̀pá náà. Ìkòkò yìí ni ó sábà máa ń há sórí òkìtì àárín ọ̀nà. Ṣùgbọ́n orí táyà ni ọ̀pá dúró lé. Sípíríìnì wà lókè rẹ̀. Bí a bá fi ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan gbé ara ọkọ̀ ga lórí sípíríìnì, ìkòkò náà kò ní kúrò níbi tí ó wà rárá. Táyà tí ó ga jù nìkan ni ó lè gbé e sókè, ìdajì ni yóò sì fún wa: bí táyà tuntun bá fi íńṣì méjì ga ju ti àtijọ́ lọ, íńṣì kan péré ni ọ̀pá yóò fi gòkè.

A dábàá ọ̀rọ̀ méjì nítorí náà: ìgbéga ara, fún èyí tí a ṣe lórí sípíríìnì, àti ìgbéga ọ̀pá, fún èyí tí táyà ń ṣe. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí mẹkáníìkì bi oníbàárà rẹ̀ ni pé, "Kí ni ó ń há?" Bí ó bá jẹ́ ìkòkò jíà, ìgbéga ara kò lè tán ìṣòro náà. Bí ó bá jẹ́ bọ́ńpà tàbí abẹ́ ilẹ̀kùn, tàbí tí táyà ńlá bá ń ha ara ọkọ̀, ìgbéga ara ni oògùn rẹ̀.

5. Ọ̀nà tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n

(a) Ìdápadà. Kí a tó gbé ọkọ̀ ga, ẹ jẹ́ kí a wò ó bóyá ó ti lọ sílẹ̀. Píkọ́ọ̀pù tí ó ti ru ẹrù fún ọdún púpọ̀, péètì rẹ̀ á ti nà. Pípààrọ̀ péètì tí ó ti nà tàbí tí ó ti kán lè dá gíga àtijọ́ padà. Gbígbé e fún alágbẹ̀dẹ láti fi iná tẹ̀ ẹ́ léwu bí kò bá mọ bí a ti ń rẹ irin kí líle rẹ̀ lè padà.

(b) Àfikún péètì. Èyí dára fún ẹni tí ń ru ẹrù nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n ọkọ̀ á máa ta gidi bí ó bá ṣófo.

(d) Àtẹ́sídìí. Èyí ni irin gbọọrọ tí a fi sáàrin ọ̀pá ẹ̀yìn àti sípíríìnì, tí a fi bóòtù gígùn dè. Owó rẹ̀ kéré. Ẹyọ kan ni kí a lò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, a kò gbọdọ̀ to méjì léra, a kò sì gbọdọ̀ lò ó lábẹ́ sípíríìnì onípéètì iwájú, nítorí ó lè yẹ̀ nígbà tí a bá tẹ bíréèkì.

Ọ̀nà yòówù tí a bá yàn, ìwọ̀n íńṣì méjì tó fún iṣẹ́ oko. Bí ọkọ̀ ti ń ga sí i ni ó ń rọrùn fún un láti dojú dé ní kọ́nà, pàápàá tí ẹrù bá wà lókè. Kí a wo rọ́bà bíréèkì bóyá kò nà jù, kí a sì tún ojú iná iwájú tò. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ Toyota Hilux, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí ó so ara ọkọ̀ mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, tí ó ń fi àlàfo àárín wọn mọ bí ẹrù ti pọ̀ tó, kí ó lè pín agbára fún bíréèkì ẹ̀yìn. Bí a bá gbé ara ga tí a kò tún un tò, yóò ṣe bí ẹni pé ọkọ̀ ṣófo, bíréèkì ẹ̀yìn kò sì ní mú tó nígbà tí ẹrù bá kún. Nǹkan tí a gbàgbé yìí lè gba ẹ̀mí.

6. Ìkádìí

Ọ̀rọ̀ márùn-ún ni a fi síwájú ẹ̀yin olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè: ẹsẹ̀ ọkọ̀, adáfìdúró, ìgbéga ara, ìgbéga ọ̀pá àti àtẹ́sídìí. Ẹnu mẹkáníìkì ni a ti gbọ́ èkínní. Iṣẹ́ tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ń ṣe ni a fi ṣẹ̀dá àwọn yòókù. Ìlọrin yẹ fún ìdánwò wọn, nítorí pé Yorùbá, Nupe, Fúlàní, Haúsá àti Bàrùbá ni ó ń pàdé lábẹ́ ọkọ̀ kan náà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ iṣẹ́ tí Yorùbá kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀ bá lóye kíákíá, tí ó sì mú irin tí ó tọ́ wá nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ pè é, ni ó yẹ kí a gbé wọ inú ìwé.