Ọdún Márùn-ún Tí A Fi Kún Iṣẹ́ Àwọn Olùkọ́: Oore Ni Tàbí Ẹrù?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ilé àwọn olùkọ́ láti ọdún mélòó kan wá, ó sì tọ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí ìdílé tí kò ní olùkọ́ kan nínú kò pọ̀ láàárín wa. Nínú oṣù kẹrin ọdún 2022 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari, tí ó wà lórí àlééfà nígbà náà, fọwọ́ sí òfin tí ó sún ọjọ́ ìfẹ̀yìntì àwọn olùkọ́ síwájú. Tẹ́lẹ̀ rí, bí olùkọ́ bá ti pé ẹni 60 ọdún, tàbí bí ó bá ti lo 35 ọdún lẹ́nu iṣẹ́, èyí tí ó bá kọ́kọ́ dé nínú méjèèjì, ó di dandan kí ó lọ sí ilé. Òfin titun sọ 60 di 65, ó sì sọ 35 di 40. Àwọn ìpínlẹ̀ kò gba òfin náà wọlé ní ọjọ́ kan náà, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni ó mú wá: ǹjẹ́ ó tọ́ kí a fi ọdún márùn-ún kún iṣẹ́ àgbàlagbà?

Ọ̀pọ̀ ni ó yọ̀ sí òfin yìí, a kò sì lè bá wọn wí. Olùkọ́ tí ó ti fi ọgbọ̀n ọdún ó lé kọ́ni mọ ohun tí ìwé kò lè kọ́ ọ̀dọ́ olùkọ́: ó mọ ọmọ tí ebi ń pa yàtọ̀ sí ọmọ tí ó ya ọ̀lẹ, ó sì mọ bí a ti í mú kí kíláàsì dákẹ́ láìgbé pàṣán. Ẹlòmíràn kò sì tètè bímọ. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ṣì wà ní yunifásítì nígbà tí òun pé 60 ọdún. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, owó oṣù ọdún márùn-ún sí i kì í ṣe ohun kékeré.

Ṣùgbọ́n kí ni a ó wí nípa ìyá tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní, tí ó ń dúró láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, tí orúnkún ń dùn ún, tí ojú rẹ̀ kò sì rí ìlà ìwé dáadáa mọ́? Ọdún márùn-ún kan náà ni, ṣùgbọ́n kò wúwo bákan náà ní orí gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó wọ bàtà ni ó mọ ibi tí ó gbé ń ta á lẹ́sẹ̀.

Kí a tó dá ẹjọ́ yìí, ó yẹ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀ tí ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ń gbé, ohun tí ìjọba sún síwájú ni ọjọ́ tí ènìyàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí gba owó ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ ìjọba. Nígbà kan, 60 ọdún ni ti àwọn obìnrin; òfin ọdún 1995 pinnu pé kí ó di 65 ní díẹ̀díẹ̀, òfin ọdún 2011 mú un yára, ó sì di 66 nínú ọdún 2020. Àwọn obìnrin tí ọ̀rọ̀ náà kàn kígbe pé a kò tètè kìlọ̀ fún wọn kí wọn kí ó lè múra sílẹ̀. Níbẹ̀, bí ó ti wù kí ó rẹ ènìyàn tó, owó yìí kò lè tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Ti àwọn olùkọ́ wa yàtọ̀. 65 ọdún tí òfin wí jẹ́ òpin tí ènìyàn kò gbọdọ̀ ré kọjá. Kò fi agbára mú ẹnikẹ́ni dé ibẹ̀. Ẹni tí ó rẹ̀ lè kọ ìwé, kí ó sì fẹ̀yìn tì ṣáájú. Nítorí náà, bí a bá wò ó lórí ìwé, ìlẹ̀kùn ni a ṣí fún àgbà. A kò ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn ṣíṣí kò ṣe àǹfààní fún ẹni tí kò ní owó ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ilé. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2004, tí a tún ṣe nínú ọdún 2014, wí pé kí òṣìṣẹ́ fi 8 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ pamọ́, kí agbanisíṣẹ́ sì fi 10 kún un. Ohun rere ni. Síbẹ̀, ẹ̀tọ́ iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ìjọba ti ṣe kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ́ kí a tó san án fún ọ̀pọ̀lọpọ̀. Gbèsè náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ fi fọwọ́ sí i nínú oṣù kejì ọdún 2025 pé kí a yá ₦758 bílíọ̀nù láti fi san án. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ pẹ̀lú ti jẹ irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Nígbà náà, olùkọ́ tí ó rí ẹnìkejì rẹ̀ tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ ní ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì kò ní fẹ́ lọ sí ilé, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ ń gbọ̀n. Kì í ṣe ìfẹ́ iṣẹ́ ni ó mú un dúró, ẹ̀rù ni.

Ìdájọ́ tiwa nìyí: òfin náà tọ́ fún ẹni tí ó dúró nítorí pé ó fẹ́, kò tọ́ fún ẹni tí ó dúró nítorí pé kò lè lọ. Bí ìjọba bá ń fẹ́ kí oore rẹ̀ jẹ́ oore, kí ó san owó àwọn tí ń lọ ní ọjọ́ tí wọ́n lọ. Kí ó má sì ṣe fi àwọn arúgbó dí ihò tí ó yẹ kí ó fi àwọn ọ̀dọ́ dí, nítorí àwọn tí ó ti gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ tí wọ́n sì ń wá iṣẹ́ kò ṣọ̀wọ́n.

Ẹ rántí àwọn ọmọ Léfì nínú Ìwé Númérì, orí 8. Nígbà tí wọ́n bá pé ẹni 50 ọdún, a gba iṣẹ́ líle kúrò lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n a kò lé wọn jáde. Wọ́n ń ran àwọn arákùnrin wọn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí ní ilé ẹ̀kọ́ wa. Kí àgbà tí ó yàn láti dúró gba kíláàsì díẹ̀, kí ó sì máa tọ́ ọ̀dọ́ olùkọ́ sọ́nà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ọwọ́ àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Ní ìkẹyìn, ẹ̀yin ọmọ tí òbí yín jẹ́ olùkọ́, ẹ má ṣe bá wọn ka ọdún márùn-ún yìí bí ẹni pé owó yín ni. Ẹ jókòó tì wọ́n ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn pé, “Ṣé agbára yín ṣì gbé e?” Bí wọ́n bá wí pé bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣètò bí wọn ó ti jẹun.