Akwa ọcha, aṣọ funfun Asaba

Òwú tí wọ́n fọwọ́ hun. Aṣọ ayẹyẹ ni. Irú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará Asaba wọ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá, ọdún 1967, nígbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà, tí wọ́n ń jó pàdé àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n ń kọrin pé Nàìjíríà kan ṣoṣo làwọn fẹ́. Ní àdúgbò Ogbe-Osowa ní ìlú náà, àwọn ọmọ ogun ya ọkùnrin àti ọmọdékùnrin sọ́tọ̀, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n. Ẹ má ṣe pè é ní àṣìṣe ogun: àwọn tí wọ́n pa ò mú ohun ìjà kankan lọ́wọ́. Murtala Muhammed, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, ni ọ̀gá ẹ̀ka ọmọ ogun náà. Ìjọba Harold Wilson ní Lọ́ńdọ̀nù ń ta ìbọn fún ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó, kò sì dáwọ́ dúró títí ogun fi parí ní 1970.