Ohun Tó Yẹ Ká Bi Aláwàdà Lórí Rédíò

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, bí aláwàdà bá dé orí rédíò, ohun tí mo sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu atọ́kùn ni, "Ẹ pa wá lẹ́rìn-ín díẹ̀." Ìyẹn nìkan kò tó. Ìbéèrè méjì ló ṣe kókó.

Àkọ́kọ́ ni ti ọgbọ́n iṣẹ́. Bí Bàbá Sàlá, ìyẹn Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, bá fi awò ojú ràgàjì sójú bọ́ sórí ìtàgé, ẹ̀rín á ti sọ kó tó lanu. Rédíò kò fi awò ojú hàn. Gbénga Adébóyè, ọmọ rédíò pọ́ńbélé, ohùn ló fi ń ṣe tiẹ̀: òun nìkan á di èèyàn mẹ́ta, mẹ́rin. Nítorí náà, ẹ bi aláwàdà níbi tó ti ń dánu dúró, àti ìdí rẹ̀.

Ìkejì ni ti owó: ta ló ni iṣẹ́ náà? Bàbá Sàlá gbé fíìmù Ọ̀run Móoru jáde lọ́dún 1982. Àwọn olè da ayédèrú ẹ̀dà rẹ̀ sígboro. Ará ìlú ń rẹ́rìn-ín, ẹni tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín wọ gbèsè. Ṣé ẹ rí i? Adùn awàdà náà gan-an ló mú kí wọ́n jí i.

Ẹ béèrè ìwé àdéhùn, ẹ béèrè ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́. Ọ̀dọ́ aláwàdà tó ń gbọ́ yín nílé nílò rẹ̀.